Ilé wíwo bọ́ọ̀lù kan lápá Ìsọ̀kùn n'Iléṣà, àti alẹ́ tí wọ́n fi Hermann Maier hàn wá

Ẹ̀yin èèyàn mi, tó bá jẹ́ Iléṣà lẹ̀ ń gbé, àbí ẹ kàn ń gba ibẹ̀ kọjá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tẹ́ ẹ dẹ̀ ráyè dúró di alẹ́, ilé wíwo bọ́ọ̀lù kan wà lápá Ìsọ̀kùn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ jókòó sí. Tẹ́ ẹ bá rí i látìta, kò yàtọ̀ sí gbogbo ilé wíwo bọ́ọ̀lù tá a mọ̀, páànù lókè, bẹ́ńṣì nílẹ̀, bọ́ọ̀dù dúdú lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ Arsenal àti Chelsea sí pẹ̀lú aago tí wọ́n máa gbá a. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó ni ibẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan tí mi ò tíì rí níbòmíì. Gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí kò bá ti sí bọ́ọ̀lù ńlá, á mú eléré ìdárayá kan, ọmọ ilẹ̀ yòówù kó jẹ́, eré yòówù kó máa ṣe, á fi eré tónítọ̀hún ti ṣe látìbẹ̀rẹ̀ dópin hàn wá lára ògiri, á dẹ̀ máa fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Owó ìwọlé ₦300, ọmọ iléèwé ₦200, àgbàlagbà tó bá mú ọmọ-ọmọ ẹ̀ dání, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹ̀, ìyẹn dẹ̀ wù mí gan-an ni.

Kì í ṣe pé ọkùnrin yìí kàn ń ṣí YouTube sílẹ̀ kó wá lọ fẹ̀yìn tì o. Ó níwèé kan tó ń kọ nǹkan sí, ó ti jókòó wo àwọn eré yẹn nílé ẹ̀, ó ti mọ ibi tó fẹ́ dá a dúró sí. Tó bá débẹ̀, á tẹ lápútọ́ọ̀pù ẹ̀, àwòrán á dúró, á dìde, á mú igi gígùn kan, á máa fi tọ́ka sára ògiri. Tó o bá bi í léèrè, á dá ẹ lóhùn. Tí o ò bá gbọ́ ọ yé, á dá a padà sẹ́yìn, á tún un ṣe. Mo ti rí i tó dá nǹkan kan náà padà títí nítorí màmá kan tó ní òun ò rí ibi tẹ́ni yẹn ti ṣe àṣìṣe, kò bínú, kò kanra, àwọn tó ń kùn lẹ́yìn ló ní kí wọ́n ní sùúrù fún màmá.

Alẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ gan-an ni alẹ́ Hermann Maier, ọmọ Ọ́stríà kan tó ń ṣe síkì, ìyẹn eré tí wọ́n fi ń yọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìnyín. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ síkì máa ní kí ló kan Ìjẹ̀ṣà nínú yìnyín, àwa tó jẹ́ pé yìnyín tá a mọ̀ ò ju èyí tó máa ń já lu páànù nígbà òjò àkọ́rọ̀ lọ. Ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Nínú gbogbo àwa tá a wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan nípa síkì nígbà tá a wọlé, ṣùgbọ́n kó tó di aago mẹ́jọ, àwọn ọmọkùnrin tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń wò ti ń pariwo "géètì! ó ti fẹ́ fo géètì!" wọ́n ti ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹsẹ̀ tó yẹ kó fi tẹ ilẹ̀.

Báyìí ló ṣe ṣàlàyé ẹ̀. Ó ní òkè ńlá ni, yìnyín bò ó látòkè délẹ̀, wọ́n á dẹ̀ ti ki yìnyín yẹn mọ́lẹ̀ títí á fi le koránkorán. Eléré á de pátákó gígùn méjì mọ́ bàtà, ìyẹn gan-an ni síkì, á mú ọ̀pá dání lọ́wọ́ ọ̀tún àti tòsì, á wá já ara ẹ̀ sílẹ̀ sísàlẹ̀. Wọn kì í sá a pa pọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń dá sọ̀ kalẹ̀, aago ló ń bá jà. Wọ́n ri àsíá pupa àti àsíá búlúù mọ́lẹ̀ káàkiri ojú ọ̀nà, àwọn yẹn ni géètì, o gbọ́dọ̀ gba ẹnu gbogbo wọn kọjá, tó o bá fo ẹyọ kan péré, o ti jáde nìyẹn. Slalom ni géètì ẹ̀ sún mọ́ra jù, ti giant slalom jìnnà síra díẹ̀, ti super-G tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, downhill ló wá yára jù, níbẹ̀ èèyàn lè sá ju 130 kìlómítà láàárín wákàtí kan, kò sí bíréèkì, hẹ́límẹ́ẹ̀tì ló dé, aṣọ fẹ́lẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára ló wọ̀. Ọ̀gá ní ká rò ó wò pé èèyàn dúró lókè téńté ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tómi Olúmirin ti ń já, tí wọ́n wá ní kó máa bọ̀ nílẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan àtẹ̀gùn. Gbogbo ẹni tó ti gun ibẹ̀ rí ló mirí. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ohun tó máa ya ẹni àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ sí ẹnì kejì lè máà ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Ìgbà tó ti rí i pé ìyẹn ti yé wa ló tó dárúkọ ọkùnrin yẹn. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1972 ni wọ́n bí Hermann Maier, Flachau ló dàgbà sí, ìlú kékeré kan láàárín òkè ní ẹkùn Salzburg lórílẹ̀-èdè Ọ́stríà. Láti kékeré ló ti ń ṣe síkì, ló bá wọ iléèwé tí wọ́n ti ń tọ́ àwọn ọmọ tó máa di eléré síkì ní Schladming. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 15, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ara ẹ̀ kéré sí tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, kò tètè dàgbà, orúnkún dẹ̀ ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n wò ó pé kò lè di nǹkan kan. Ọmọ náà padà sílé, ó lọ kọ́ṣẹ́ bíríkìlà.

Ọ̀gá dá àwòrán dúró síbẹ̀ yẹn, kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan, ó kàn ń wò wá. Bàbá kan wà lórí bẹ́ńṣì iwájú, bíríkìlà ni wọ́n, ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti gba ibẹ̀ wá, síméǹtì tó ti gbẹ ṣì wà lára ṣòkòtò wọn, ó wà nínú èékánná wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ tún un sọ." Ó ní, "Bíríkìlà ni, bàbá. Tí oòrùn bá wà níta á máa mọlé, tí òtútù bá dé á máa kọ́ àwọn èèyàn ní síkì." Bàbá ní, "Bíríkìlà pọ́ńbélé? Tó ń gbé búlọ́ọ̀kù?" Ó ní, "Ó ń gbé e, sà." Ni bàbá bá fà síwájú, wọ́n gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọn ò fẹ̀yìn ti nǹkan kan mọ́ títí tí gbogbo ẹ̀ fi parí.

Ibì kan wà tí èmi ò bá Ọ̀gá lọ o. Ó fẹ́ràn kó máa pe Maier ní ọmọ tálákà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá ẹ̀ ló ni iléèwé síkì tó wà ní Flachau, ibẹ̀ lọmọ náà ti ń kọ́ àwọn èèyàn, ọmọ tí bàbá ẹ̀ ní iléèwé síkì kì í ṣe ọmọ tí ò rí bàtà wọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i tó èèyàn í sọ láìfi òṣì kún un. Wọ́n lé e kúrò nínú ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ṣe láyé, ní ọmọ ọdún 15, ó dẹ̀ ń ṣe é lọ láìsí ẹni tó ń wò ó. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn nígbà tó ní ká bi òun ní ìbéèrè, ó dẹ̀ gbà á wò. Ìyẹn wà lára ohun tó dáa níbẹ̀, èèyàn lè sọ̀rọ̀.

Oṣù Kìíní 1996, eré World Cup dé Flachau, ìlú Maier gan-an. World Cup ti síkì kì í ṣe bíi ti bọ́ọ̀lù o, gbogbo sáà ni wọ́n fi ń sá a láti ìlú kan dé òmíì, wọ́n á máa kó pọ́íńtì jọ. Kò sí lára àwọn tó ń díje. Wọ́n kàn ní kó wá ṣe aṣáájú, ìyẹn àwọn tó máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti fi dán ojú ọ̀nà wò kí eré gangan tó bẹ̀rẹ̀, wọn kì í ka tiwọn mọ́ eré. Ló bá sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wo aago. Ká ní ó wà nínú eré ni, ipò 12 ni ì bá wà láàárín àwọn tó mọ síkì jù láyé. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, òun náà ti ń sá eré World Cup fún Ọ́stríà, ọmọ ọdún 23, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ ti lo ọdún bí mélòó kan lórí ẹ̀. Lọ́jọ́ 23 oṣù Kejì 1997 ló kọ́kọ́ borí, super-G ni, ní Garmisch ní Jámánì. Gbogbo ibi yìí, Ọ̀gá sáré kọjá ni, èmi náà ò ní pẹ́ níbẹ̀, torí ibi tí gbogbo ilé ti dìde dúró ṣì wà níwájú.

Nagano, Jàpáánì, 1998, Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Àwọn òkè Hakuba ni wọ́n ti sá downhill àti super-G. Ojú ọjọ́ tí ò dáa kò jẹ́ kí wọ́n sá downhill lásìkò, wọ́n ń sún un síwájú, ìgbà tó di ọjọ́ 13 oṣù Kejì ni wọ́n tó rí i sá. Maier ni gbogbo ayé ń wò, òun ló ń borí jù lọ́dún yẹn. Ó jáde, ó ń bọ̀, kò tíì ju ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan tó kúrò lókè, ó dé ibì kan tí ojú ọ̀nà ti yà tí ilẹ̀ dẹ̀ já sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ìyára tó gbé débẹ̀ ti pọ̀ jù. Ilẹ̀ kúrò lábẹ́ ẹ̀.

Ọ̀gá tẹ̀ ẹ́ dúró. Ẹ ò rí àwòrán yẹn lára ògiri! Ó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ, èèyàn odindi wà lófuurufú, ó nà gbọọrọ, ẹ̀yìn ẹ̀ ló kọ sílẹ̀, síkì méjèèjì dojú kọ ọ̀run, apá ẹ̀ ṣí sílẹ̀, kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀ rárá àfi atẹ́gùn. Màmá tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ti gbé igbá wọn wọlé, wọ́n ní "Jéésù! ọmọ ọlọ́mọ!" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wá jẹ́ kó máa lọ díẹ̀díẹ̀, a rí i bó ṣe fi èjìká àti orí gúnlẹ̀, bó ṣe yí gbiirigbi, bó ṣe já nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ta síbẹ̀, tó tún já èyí tó wà lẹ́yìn ẹ̀, tó wá dúró sínú yìnyín rírọ̀ nísàlẹ̀. Gbogbo wa rò pé ó ti tán. Ọkùnrin náà dìde. Ó dìde fúnra ẹ̀, ó juwọ́ sáwọn èèyàn.

Ọjọ́ 13 nìyẹn o. Lọ́jọ́ 16, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ẹ̀, ó padà sórí òkè fún super-G, pẹ̀lú ara tó ń ro ó, ó gba góòlù, ó dẹ̀ fi 0.61 ìṣẹ́jú àáyá ju Didier Cuche ará Switzerland àti Hans Knauss ará Ọ́stríà tí àkókò wọn dọ́gba. Ẹ rántí pé a ti ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lè tó, 0.61 yẹn pọ̀ gan-an ni. Lọ́jọ́ 19 ó tún gba góòlù giant slalom. Òun ni wọ́n ń pè ní Herminator, nítorí Arnold Schwarzenegger tóun náà jẹ́ ọmọ Ọ́stríà àti ẹ̀rọ tí kì í kú tó ṣe nínú fíìmù Terminator. Àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn gba orúkọ yẹn lẹ́nu Ọ̀gá lójú ẹsẹ̀, wọn ò dẹ̀ yéé pè é mọ́.

Ẹ jẹ́ n dánu dúró díẹ̀ kí n sọ̀rọ̀ ibi ìjókòó, torí ìgbà yìí gan-an ló ni mí lára. Òpó kan wà láàárín ilé yẹn, òpó sìmẹ́ńtì tó gbé páànù dúró, tó o bá jókòó lápá òsì lẹ́yìn ẹ̀, ìdajì ògiri lo máa rí. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń na ọrùn ni, wọ́n ń bi àwa tó kù pé "ó ti dìde àbí kò tíì dìde?" Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, owó kan náà la jọ san. Ẹ má jẹ́ kéèyàn jókòó síbẹ̀ mọ́, ẹ kó bẹ́ńṣì wọ̀nyẹn sápá ọ̀tún. Ooru náà wà, fáànù méjì ò lè tó ilé tó kún bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá lè gé fèrèsé kan sí i sápá ẹ̀yìn á dáa gan-an. Jẹnẹrétọ̀ ò yọ wá lẹ́nu, ìta ló wà, ó jìnnà, iná ò dẹ̀ ṣẹ́jú kankan nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Ilé ìyàgbẹ́ mọ́. Mo sọ ìyẹn torí àwọn obìnrin tó ń bi mí, wọ́n lè mú ọkàn wọn balẹ̀.

Oúnjẹ: ẹ̀pà àti gúgúrú màmá yẹn, zobo tó tutù dáadáa, lọ́wọ́ alẹ́ ẹlẹ́ran súyà kan máa ń dé sójúde. Súyà yẹn dáa, àmọ́ ẹ tètè rà á, kì í pẹ́ tán. Wọn kì í ta ọtí lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìyẹn dẹ̀ ni mo fi gbóríyìn fún wọn jù, òun ló jẹ́ káwọn òbí lè mú ọmọ wá.

Ó dáa, ká padà sórí òkè. Àárín 1998 sí 2001, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tó máa yé ẹni tí ò wò ó. Ọkùnrin yẹn ń borí bó ṣe wù ú. Ní ìdíje àgbáyé 1999 ní Vail ní Amẹ́ríkà, ó gba góòlù downhill, ó dẹ̀ jọ gba ti super-G pẹ̀lú Lasse Kjus ọmọ Norway torí àkókò wọn bá ara mu géérégé. Ní sáà tó parí lọ́dún 2000 ó kó 2000 pọ́íńtì jọ, kò sí ọkùnrin tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Sáà tó tẹ̀ lé e, eré 13 ló borí nínú ẹ̀, iye kan náà tí Ingemar Stenmark ará Sweden ti ṣe tipẹ́. Ife ńlá tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣe dáadáa jù ní gbogbo sáà, ó ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, 1998, 2000, 2001.

Ìgbà yẹn ni Ọ̀gá wá pa ohùn gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀, ó fẹnu ara ẹ̀ sọ èyí tó kàn.

Ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2001, Maier ti parí ìdánrawò, ó gun máṣíìnì ẹ̀ ńlá, ó ń lọ sílé. Lẹ́bàá Radstadt, tí kò jìnnà sílé wọn, òun àti mọ́tò kan kọlu ara wọn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀, láti ìsàlẹ̀ orúnkún, fọ́ yánnayànna, eegun yọ síta. Àwọn dókítà ronú ẹ̀ pé bóyá kí wọ́n gé ẹsẹ̀ yẹn ni. Wọn ò gé e, wọ́n ṣiṣẹ́ lé e lórí fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ki ọ̀pá irin titanium bọ inú eegun kó lè dúró. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ síkì mọ́, bó ṣe máa rìn ni wọ́n ń sọ.

Ọlọ́kadà pọ̀ nínú ilé yẹn, àwọn tó ń dúró lápá ibẹ̀ máa ń wọlé tí iṣẹ́ bá ti lọ sílẹ̀. Gbogbo wọn dákẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin tí ò tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, tẹ̀ ba, ó ká ṣòkòtò ẹ̀ sókè, kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Àpá kan gùn láti abẹ́ orúnkún ẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, ó ń dán, ìmọ́lẹ̀ ara ògiri ń kọjá lórí ẹ̀, funfun, búlúù, funfun. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní, "Kí ni wọ́n fi sí tìẹ?" Ó ní, "Irin náà ni. Wọ́n ní kí n lọ wáṣẹ́ míì." Ó fi ọwọ́ fọwọ́ kan àpá yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó já ṣòkòtò ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa ń jáde, mo rí i tó gun máṣíìnì ẹ̀, tó gbé èèyàn méjì.

Òlíńpíìkì 2002 tí wọ́n ṣe ní Salt Lake City bá Maier nílé. Stephan Eberharter, ọmọ Ọ́stríà bíi tiẹ̀, ló gba góòlù giant slalom níbẹ̀, òun náà ló gba ife ńlá 2002 àti ti 2003. Mo dárúkọ Eberharter dáadáa níbí torí Ọ̀gá fẹnu kàn án lásán ni, kò fi eré ẹ̀ kankan hàn wá. Ọkùnrin yẹn ló ṣe ìkejì sí Maier nínú giant slalom ní Nagano, ó ti pẹ́ tó ti ń rìn lábẹ́ òjìji ẹlòmíì, ó tọ́ sí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tiẹ̀. Mo bẹ Ọ̀gá, ẹ bá mi fi kún ìwé yín.

Oṣù Kìíní 2003 ni Maier padà dé. Adelboden ní Switzerland ló ti kọ́kọ́ sá a, giant slalom, ìpele méjì ni wọ́n máa ń sá nínú ìyẹn, àwọn 30 tó bá ṣáájú nìkan ló ń lọ sí ìpele kejì, Maier ò rí i wọ̀. Àwọn èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ mọ ẹnu ayé. Ọjọ́ 27 oṣù kan náà, Kitzbühel, nílẹ̀ wọn ní Ọ́stríà, lórí òkè tí gbogbo eléré síkì ń bẹ̀rù jù lọ, super-G. Oṣù 17 lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ yẹn fọ́. Ọ̀gá ṣí i, Maier jáde lókè, ó gba géètì àkọ́kọ́, ó gba ìkejì, gbogbo ilé ti dìde, dátà bá dúró! Àwòrán gan pa, róbótó kékeré yẹn ń yí lójú ẹ̀. Ariwo tó sọ nínú ilé yẹn, mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ọ dé ojú títì. Ọ̀gá ń sáré lọ sáré bọ̀, ó so fóònù ara ẹ̀ mọ́ ọn, fóònù ẹlòmíì, bàbá bíríkìlà yọ fóònù tiwọn lápò wọ́n ní "ẹ lo tèmi, dátà wà lórí ẹ̀." Fóònù bàbá la fi wo ìyókù. Ó dé ìsàlẹ̀, iná aago tàn, ó ti borí. Nílé wíwo bọ́ọ̀lù Ìsọ̀kùn, àwọn èèyàn ń dì mọ́ra wọn nítorí eré tí wọ́n ti sá láti 2003.

Mo fẹ́ kí Ọ̀gá gbọ́ èyí dáadáa o, ìṣòro dátà yẹn ló burú jù nínú gbogbo nǹkan ibẹ̀. Kó máa gbà á sílẹ̀ sórí lápútọ́ọ̀pù kó tó di alẹ́. Wọ́n sọ fún mi pé ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, èyí tí mo wò lẹ́yìn ìgbà yẹn ò dúró lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tó kù, ó lọ wéréwéré. Ó gba fàdákà super-G ní ìdíje àgbáyé St. Moritz lóṣù Kejì 2003, òun àti Bode Miller ará Amẹ́ríkà ló jọ gbà á. Lọ́dún 2004 ó gba ife ńlá lẹ́ẹ̀kẹrin, pẹ̀lú irin lẹ́sẹ̀, ó fi Eberharter sí ipò kejì, wọ́n dẹ̀ fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Laureus ti ẹni tó padà bọ̀ sípò jù lágbàáyé. Lọ́dún 2005 ní Bormio ní Ítálì, góòlù giant slalom. Ní Òlíńpíìkì Turin 2006, ó ti di ọmọ ọdún 33, ó gba fàdákà super-G àti idẹ giant slalom. Oṣù Kọkànlá 2008 ló borí kẹ́yìn, super-G ní Lake Louise ní Kánádà. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá 2009 ló sọ pé ó tó, ó ti borí eré World Cup 54 nígbà yẹn, Stenmark tó ní 86 nìkan ló ṣáájú ẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin. Nínú 54 yẹn, 24 jẹ́ super-G. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ní ara ẹ̀ kéré jù ni.

Nígbà tí iná tàn, bàbá bíríkìlà ò tètè dìde. Wọ́n bi Ọ̀gá bóyá ọkùnrin yẹn ṣì ń mọlé. Ọ̀gá ní iṣẹ́ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ látọdún pípẹ́. Bàbá ní, "Ó ṣì mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ò lè gbàgbé ẹ̀." Wọ́n gba fóònù wọn, wọ́n kí gbogbo wa pé ó dàárọ̀. Mo ti rí wọn níbẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, wọ́n mú ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn dání.

Nínú márùn-ún, mẹ́rin ni mo fún wọn. Ẹyọ kan tó ku, òpó yẹn àti ooru ló gbé e lọ, tí wọ́n bá ti tún un ṣe mo máa fi kún un. Ẹ tètè dé, tó bá ti fi ń tó aago mẹ́fà ààbọ̀ àwọn bẹ́ńṣì àárín ti kún. Ẹ mú owó ṣẹ́ńjì dání, ọmọ tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kì í sábà ní i, àmọ́ wọ́n ń gba tíráńsífà. Tẹ́ ẹ bá gun ọ̀kadà láti ọjà Àtakúmọ́sà, ẹ ní kó gbé yín lọ sí Ìsọ̀kùn, tẹ́ ẹ bá ti débẹ̀, ẹ béèrè ilé wíwo bọ́ọ̀lù tó ń fi síkì hàn, ẹni tẹ́ ẹ bá bi á mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá ti ní òun máa fi Mikaela Shiffrin hàn láìpẹ́, ọmọbìnrin Amẹ́ríkà tó borí eré World Cup ọgọ́rùn-ún ní Sestriere lóṣù Kejì 2025, ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọbìnrin nílé, ẹ bá mi mú wọn wá.